Imọ̀ Ọ̀pẹ Lójú Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Ínsípẹ́kítọ̀ Adébánjí mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tó bá ní kò mọ̀ ọ́n sọ, irọ́ ni tọ̀hún ń pa mọ́ ọn. Bó bá dìde níbi ìpàdé àwọn onílé ní Mowé, tó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀, tó fi há abíyá, àwọn àgbà á ti máa mi orí kó tó lanu rárá. Ó lè kó òwe lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí títí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tó ń sá eré àsápajúdé ló bá wá, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan tanná lójú oòrùn, ó ń fọn fèrè, ẹni tó jókòó níwájú na ọwọ́ síta, ó ń ju áńkáṣíìfù funfun bí àwọn tó gbé aláìsàn ti máa ń ṣe. Gbogbo mọ́tò yà fún un. Ó sáré dé ibi táwọn èèyàn ti ń sọdá títì ní Mowé, ó gbá obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà, obìnrin náà kò sì dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kò sí aláìsàn níbẹ̀. Àga ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Wọ́n ń kó àga lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n sì ti pẹ́.

"Nítorí náà," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí, "láti òní lọ, ẹni tó bá gbé aláìsàn kò gbọdọ̀ sáré kọjá ọlọ́pàá mọ́. Kó tanná, kó rọra, kó dúró, kó ṣàlàyé. Bá a bá ti rí i pé òótọ́ ni, àwa fúnra wa la ó ṣíwájú yín pẹ̀lú fèrè, ọ̀nà á sì là fún yín bí òkun ṣe là fáwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tá a bá fi agbára mú ní í le koko."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ìbíwùnmí, ìyàwó Ṣàmsúdéènì oníbúrẹ́dì, kò pàtẹ́wọ́, nítorí atẹ búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, òun náà ló sì ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì kiri. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí Ínsípẹ́kítọ̀ sọ, ó sì ní ìbéèrè kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Bí ẹ̀mí bá ń bọ́ lára ẹni tá a gbé, ta ni yóò sọ fún ẹ̀mí náà pé kó dúró kó gbọ́ àlàyé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ínsípẹ́kítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ gbọ́ o. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, èyí sì dún ju tàkọ́kọ́ lọ. Ìbíwùnmí yẹ òwe náà wò síwá sẹ́yìn, kò rí ìdáhùn níbẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná ló rí. Ó bá padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òrùlé yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní Ifọ̀. Ṣàmsúdéènì kó kápẹ́ńtà àti bíríkìlà lọ tún un ṣe, ó sì gbé ìyá rẹ̀ wá sí Mowé kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Sùwéébátù lorúkọ ìyá náà. Èèyàn burúkú kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní búrẹ́dì Ìbíwùnmí, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ rẹ̀ ń sáré nínú àwo, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ìbíwùnmí á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó mọ ohun tó ń bẹ ní Ifọ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kò tíì dárí jì í pé òun ló mú ọmọ wọn kúrò nílé wá sẹ́bàá títì. Bí ẹ̀fọ́rí lásán bá mú Màmá lọ́dọ̀ rẹ̀, wọn yóò ní ó ti bu nǹkan sí búrẹ́dì. Bí Màmá bá wá kú sí i lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ gba ọ̀nà Ifọ̀ kọjá mọ́ láyé.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, Jímọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí Èkó máa ń tú jáde wá sí Kámpù, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lẹ́bàá márosẹ̀, fún ìsìn òru. Oòrùn ṣì wà lókè. Màmá lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n to igi ààrò sí. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ní wọn ò to igi náà dáadáa. Bó ti fa ọ̀kan yọ báyìí, paramọ́lẹ̀ tó sùn sábẹ́ rẹ̀ bù ú ṣán lọ́rùn ẹsẹ̀.

Igbe tó ké tú ilé búrẹ́dì síta. Ọkùnrin tó ń kó búrẹ́dì sí ààrò fi ṣọ́bìrì pa ejò náà. Màmá wo ejò, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo Ìbíwùnmí.

"Ìyàwó, mo sọ fún ẹ pé wọn ò to igi yìí dáadáa."

Aládùúgbò kan ní kí wọ́n so ẹsẹ̀ náà le. Òmíràn ní kí wọ́n fi abẹ là á. Jésùlayọ̀mi, nọ́ọ̀sì tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lé gbogbo wọn sẹ́yìn.

"Ẹ má so nǹkan kan, ẹ má la nǹkan kan. Kí wọ́n sùn gbọọrọ, kí wọ́n má rìn, kí wọ́n má mira. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ò sí lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ibi tó wà ní Mowé yìí. Ọsibítù kan wà ní Ìbafò tó ní in, mo ti rí i lọ́wọ́ wọn rí. Àǹtí Ìbíwùnmí, bí ẹ bá tètè dé, wọ́n á yè é. Bí ẹ bá pẹ́, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún yín."

Ìyẹn ni pé kò ní òwe kankan. Ìbíwùnmí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Wọ́n kó àwọn atẹ kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n tẹ́ àpò ìyẹ̀fun síbẹ̀, wọ́n tẹ́ Màmá lé e. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bo búrẹ́dì ni Jésùlayọ̀mi fi bò ó dé àyà nítorí eruku. Ìbíwùnmí pe ọkọ rẹ̀ ní Ifọ̀, fóònù kò lọ. Gbogbo èrò Kámpù ló ń pe ara wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kún. Ó ju fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbéra.

Ọkọ̀ funfun ni ọkọ̀ wọn. Wọ́n kọ ÀLÙBÁRÍKÀ BÚRẸ́DÌ gàdàgbà sí i lára, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù Ṣàmsúdéènì sábẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ọjà lè pè é. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Bó ti já sí márosẹ̀ ní Mowé ló rí àwọn ọlọ́pàá níwájú. Ó rántí ìpàdé. Tanná, rọra, dúró, ṣàlàyé. Ó tanná, ó rọra, ó dúró. Ọlọ́pàá kan wá síbi wíńdò. Orúkọ tó wà láyà rẹ̀ ni Dáníẹ́lì, kọ́púrù ni.

"Madam, kí ló dé tẹ́ ẹ tanná lọ́sàn-án? Ṣé oòrùn ò tó yín ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, aláìsàn ni mo gbé. Ejò ló bu ìyá ọkọ mi ṣán. Ìbafò là ń sáré lọ."

"Ẹ jẹ́ n rí aláìsàn."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Màmá gbórí sókè. Obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa ní Ifọ̀ ni, kò lè rí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kó má kí i, ejò ì báà bu òun ṣán lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ kú oòrùn. Ọlọ́hun á dá yín sí o."

"Àmín, Màmá. Ẹ ṣé, mà." Kọ́púrù ti ilẹ̀kùn, ó padà sí wíńdò. "Madam, ṣé ẹni tó ń ṣàdúrà fún mi yìí lẹ ní ó ń kú lọ?"

"Ẹ ò wo ẹsẹ̀ wọn ni?"

"Mo wò ó. Ẹsẹ̀ ìyá tèmi náà máa ń wú, ejò kan ò sì bá wọn jà. Ìwé dókítà dà?"

"Ìwé dókítà kẹ̀? Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ!"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ ò tíì rí dókítà. Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ó le tó báyìí?"

Ìbíwùnmí di ọwọ́ ọkọ̀ mú kí ọwọ́ rẹ̀ má baà lọ síbòmíràn. "Ínsípẹ́kítọ̀ yín ló sọ ní ìpàdé pé bá a bá ti dúró tá a ṣàlàyé, ẹ̀yin lẹ ó ṣíwájú wa."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló lè ní ká ṣíwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà lápá Ìbafò lọ́hùn-ún, wọ́n ń darí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ Kámpù. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n pè wọ́n."

Ó pè, kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ó gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́ fún un. Ìgbà náà ni ọkọ̀ kan já láti ọ̀nà Ìbàdàn, eré burúkú ló ń sá. Wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ tútù mọ́ ọn níwájú lọ́tùn-ún lósì, ó yọ síta bí ìwo àgbò. Òkú ló gbé, ta ni kò mọ̀? Kọ́púrù Dáníẹ́lì ti fóònù bọ àpò, ó ṣí fìlà, ó bẹ́ sójú títì, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo mọ́tò pé kí wọ́n yà. Wọ́n yà. Òkú kọjá fìrì.

"Ẹ ò dá ìyẹn dúró?" ni Ìbíwùnmí bi í.

Ojú ti Kọ́púrù nítorí rẹ̀. "Madam! Òkú ni wọ́n gbé! Ẹ ò láàánú ni?"

Bóyá ibẹ̀ ni wọn ì bá wà di alẹ́, bí kò bá ṣe pé Kọ́púrù tún lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti bẹ Màmá pé kó ní sùúrù. Bó ti ń ní, "Màmá, ẹ má bínú," Màmá bì sí bàtà rẹ̀ méjèèjì. Bàtà náà ti ń dán tẹ́lẹ̀.

"Ẹ máa lọ! Madam, ẹ máa gbé wọn lọ!"

Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lọ jìnnà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Aṣeṣe, àwọn tó ń lọ Kámpù ti kún apá tiwọn, wọ́n ti fò wá sí apá èyí tó ń lọ sí Èkó, ọ̀nà wá di ọ̀nà tóóró. Lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí mọ́tò ti ṣù jọ, Ìbíwùnmí rí fìlà àwọn ọlọ́pàá mìíràn. Ó wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ Màmá ti wú dé orúnkún, ó sì ti ń dúdú. Ohun tó tiẹ̀ bà á lẹ́rù jù ni pé Màmá ti dákẹ́. Láti ìgbà tó ti mọ ìyá yìí, kò rí i kó dákẹ́ rí láìsùn.

Ó yà sẹ́bàá títì, sọ́dọ̀ Olúgbádé mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀pẹ kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bùọ̀dá Olúgbádé, ẹ yá mi ní àdá."

Olúgbádé yọjú wo inú ọkọ̀. "Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú. Ìdí tí mo fi fẹ́ àdá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló gé imọ̀ ọ̀pẹ náà. Bí wọ́n ti ń so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ iwájú ọkọ̀, Màmá gbọ́ ìró rẹ̀.

"Ìyàwó, kí lẹ̀ ń so mọ́ mọ́tò?"

"Imọ̀ ọ̀pẹ ni, Màmá."

"Imọ̀ ọ̀pẹ? Ta ló kú?"

Ìbíwùnmí kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ níbẹ̀, nínú epo dúdú. "Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá mi kú dé Ìbafò."

"Háà!" Ohùn ìyá náà ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n ń sọ ní Ifọ̀ náà rè é. Wọ́n ní o fẹ́ kí n kú. Mo ní rárá, ìyàwó mi kàn ò mọ ọbẹ̀ sè ni."

"Màmá, òkú nìkan ni wọ́n ń yà fún lójú ọ̀nà yìí. Mo fi ojú mi rí i."

Màmá dá orí padà sórí àpò ìyẹ̀fun. "Fa aṣọ yẹn bò mí lójú," ló wí. "Bísìmílàhì."

Ọ̀rọ̀ di idán. Mọ́tò tí kò gbọ́ fèrè láti òwúrọ̀ gbọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Àwọn onímọ́tò tó ń bú ara wọn dẹ́kun èébú. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmì àgbélébùú láyà. Ọ̀nà là, Ìbíwùnmí sì kọjá láàárín wọn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ta ló dúró níbẹ̀? Ínsípẹ́kítọ̀ Adébánjí fúnra rẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ pé kó rọra. Ìbíwùnmí tẹ bíréèkì.

Ṣùgbọ́n Ínsípẹ́kítọ̀ ti ṣí fìlà, ó sì ti fi há abíyá.

"Ìyá oníbúrẹ́dì! Áà! Ta ni?"

"Ìyá ọkọ mi ni," ni Ìbíwùnmí wí. Ẹkún bú jáde lójú rẹ̀, kò sì sí irọ́ kan nínú ẹkún náà.

Ínsípẹ́kítọ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí aṣọ funfun gbọọrọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ kì í rí òkú kó má sọ ọ́. "Òpó ńlá ti wó," ló wí. "Erin wó, kò lè dìde. Ìyá rere, abiyamọ tòótọ́, ẹni tó jẹ́ igi àràbà fún gbogbo ẹbí. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ."

"Àmín," ni aṣọ funfun wí.

"Àmín! Àmín! Àmín o!" ni Ìbíwùnmí fi igbe bò ó mọ́lẹ̀, ó ń lu ọwọ́ ọkọ̀.

Ó jọ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ wọ Ínsípẹ́kítọ̀ lára. Ó yíjú sí àwọn ọlọ́pàá rẹ̀. "Ẹ gbé Hàílúùsì yẹn! Ẹ ṣíwájú wọn dé Ìbafò, ẹ fọn fèrè! A ò gbọdọ̀ fi òkú ìyá àgbà sínú oòrùn." Bí ọkọ̀ búrẹ́dì sì ti ń kọjá lójú rẹ̀, ó rí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sí i lára. Onínúure èèyàn ni. Ó rò ó pé ó yẹ kí òun bá ọmọ olóògbé kẹ́dùn. Ó yọ fóònù, ó pe nọ́ńbà náà.

Èyí lọ. Ó jọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń yà fún òkú.

Hàílúùsì ọlọ́pàá fọn fèrè níwájú, ọkọ̀ búrẹ́dì ń tẹ̀ lé e, wọ́n dé Ìbafò kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n wọ ọgbà ọsibítù náà. Ìbíwùnmí fẹ́ yà sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbé aláìsàn gbà, ṣùgbọ́n Hàílúùsì kò dúró níbẹ̀. Ó yí lọ sẹ́yìn, síbi ilé kékeré kan tí kò ní wíńdò, àwọn ọlọ́pàá mìíràn tó gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, kò lè padà. Mọ́ṣúárì ni. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, Ládi lorúkọ rẹ̀, ti ti kẹ̀kẹ́ òkú síta. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di etí aṣọ mú.

Màmá ṣí ojú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ibo lẹ gbé mi dé yìí?"

Àwọn ọlọ́pàá tú ká. Ọ̀kan sá wọ inú òdòdó, ibọn tirẹ̀ sì já sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ládi kò sá. Ẹni tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ òkú, alààyè kì í ṣe ẹ̀rù fún un.

"Màmá, ẹ tètè dé ni," ló wí. "Ẹ̀yin kọ́ ló kàn." Ó rí ẹsẹ̀ náà. Kò bi wọ́n ní ìwé, kò bi wọ́n ní àlàyé. Ó gbé Màmá lé kẹ̀kẹ́ òkú, ó sì fi eré ti í lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì, Ìbíwùnmí ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ní bí wọ́n bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, abẹ́rẹ́ náà ì bá má rí iṣẹ́ ṣe. Ó ní kí wọ́n máa wò ó. Ìbíwùnmí jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo búrẹ́dì nínú ààrò. Ọ̀rọ̀ tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Bí ìyá yìí bá kú báyìí, òun lòun so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọkọ̀ ṣáájú ikú. Ẹbí Ifọ̀ kò ní nílò ẹ̀rí mìíràn.

Fóònù dún. Ṣàmsúdéènì ni, ẹkún ló ń sun.

"Ìbíwùnmí, ibo lẹ gbé wọn dé? Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ló pè mí. Ó ní òpó ńlá ti wó. Àlùfáà ti dé, àwọn kápẹ́ńtà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé, àwọn àti bíríkìlà ti gbẹ́ sàréè tán. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Kí Ìbíwùnmí tó mọ ohun tí yóò sọ, ọwọ́ kan ti na wá láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó gba fóònù.

"Ṣàmsúdéènì."

Ó gbé fóònù mọ́ etí kejì.

"Ṣàmsúdéènì, òrùlé yàrá mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti parí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ sàréè?"

Nǹkan kan já gbì lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Àlùfáà tó ń ké pe Ọlọ́hun, àti ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sáré.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Ínsípẹ́kítọ̀ Adébánjí wọlé. Fìlà rẹ̀ wà lórí. Wọ́n ti sọ fún un.

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ parọ́ fún ọlọ́pàá. Ẹ gbé òkú tí kò kú."

Ìbíwùnmí dìde. "Ọ̀gá, irọ́ wo? Ẹ bi mí pé ta ni. Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ṣé ìyá ọkọ mi kọ́ nìyí?"

"Imọ̀ ọ̀pẹ ńkọ́?"

"Ewé ni. Mo so ewé mọ́ ọkọ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ ní òkú ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró kẹ́ ẹ ṣàlàyé bá a ṣe sọ?"

"Mo dúró, mo ṣàlàyé. Ẹ lọ bi Kọ́púrù Dáníẹ́lì. Ẹ wo bàtà rẹ̀."

Ínsípẹ́kítọ̀ la ẹnu. Ó jọ pé òwe kan ń bọ̀. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ní òpó ńlá ni mí?"

Ó wo ìyá náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ ní mo jẹ́ igi àràbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbogbo ẹ̀ sọ, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ ọ dáadáa."

Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe? Ó tún un sọ. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ tán, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pàtẹ́wọ́, kò sì sí bó ṣe lè wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ó ṣí fìlà, ó kí Màmá pé ara á yá, ó lọ.

Ara Màmá yá. Àwọn ará Ifọ̀ sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú sàréè náà, nítorí a kì í fi sàréè sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ní ìyàwó Mowé yìí ti sọ ìyá wọn dòkú lójú márosẹ̀. Nígbà tí Màmá gbọ́, ó ránṣẹ́ sí wọn pé ẹni tó bá fẹ́ kí òun ṣàlàyé, kó wá bá òun, kó tanná, kó rọra, kó dúró.

Ínsípẹ́kítọ̀ pe ìpàdé mìíràn. Ó ní àwọn ẹlẹ́tàn ti ń fi ewé tan ọlọ́pàá jẹ. Láti òní lọ, ọkọ̀ tó bá so imọ̀ ọ̀pẹ pàápàá gbọ́dọ̀ dúró, kí wọ́n ṣí òkú wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó kú. Ó fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí aláìsàn yóò so mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí Màmá máa lọ sílé, ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbíwùnmí, ó wé gèlè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bó ṣe máa ń rí. Ọ̀nà dá. Wọ́n kọjá Aṣeṣe, wọ́n sún mọ́ Mowé. Kọ́púrù Dáníẹ́lì bọ́ sójú títì, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó na ọwọ́.

"Ẹ páàkì síbẹ̀. Kí lẹ gbé?"

"Kò sí nǹkan," ni Ìbíwùnmí wí. "Ìyá ọkọ mi ni. Ara wọn ti yá, ilé là ń lọ."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ méjèèjì. Ẹ ṣí ẹ̀yìn. Ìwé ọkọ̀ dà? Ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda Màmá ní ọsibítù dà?"

Oòrùn mú. Ọkọ̀ mìíràn tò sẹ́yìn wọn. Màmá wo Kọ́púrù láti orí dé bàtà, lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀dọ̀ Ìbíwùnmí.

"Ìyàwó," ló wí, "imọ̀ ọ̀pẹ wa yẹn dà?"